Yìgì Tí A So Níbi Tí Bààlù Ò Ti Gbéra

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọkọ̀ tó bá fẹ́ lọ, á pariwo. Rélùwéè á fọn fèrè ní Òṣogbo, a ó sì gbọ́ ọ níbí, ní Ìlobù. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo ní a ó gbọ́ ọ! Adìẹ ìyá mi tó ń sàba lẹ́yìn ààrò, tó bá ti gbọ́ fèrè yẹn, á fò dìde lórí ẹyin. Ọ̀pọ̀ ẹyin ló bàjẹ́ nílé wa nítorí rélùwéè. Ẹ bi ìyá àgbà yín... áà, ó ti kú. Ẹ má bi í.

Ríṣíkà, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Gbé e sún mọ́ mi. Má gbé e sí etí mi, ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀. Ó dáa. Kí ni agogo wí? Mùíná ò tíì pè? Kò tíì pè. Ẹ rí i báyìí? Wọ́n ní àárọ̀ yìí ni bààlù máa gbé òun àti ọkọ rẹ̀ láti Àbújá wá sí Ìlọrin, kí wọ́n wọ mọ́tò níbẹ̀, kí wọ́n wá bá wa jẹun ọ̀sán. Ọ̀sán ti dé, ó ti jókòó, ó ti ń múra àtilọ. Ẹran tí ẹ sè láti àárọ̀ ti tutù débi pé ó kù díẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ẹ jẹ́ n máa sọ̀rọ̀ o, kínú má baà bí mi pa.

Ẹ gbọ́. Rélùwéè náà máa ń pẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo lè fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́. Bàbá mi, obì ló ń tà. Á kó obì láti ibí, á gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi dání, a dé Jẹ́bbà, rélùwéè dúró. Ó dúró, ó dúró... obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ fẹ́ẹ̀ hù, kó so, ká ká a. Ṣùgbọ́n kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀gá teṣọ̀n fúnra rẹ̀ jáde. Ọkùnrin pẹ́lẹ́bẹ́ kan, ó kọlà, òógùn bò ó. Ó ń ti kóòṣì kan bọ́ sí kóòṣì kejì, ó ń bẹ̀ wá. "Ẹ̀yin èrò, ẹ má bínú o. Ẹ́ńjìnnì ló dẹnu kọlẹ̀. Òmíràn ń bọ̀ láti Mínà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dáná, ẹ jẹun. Tó bá kù díẹ̀ ká gbéra, màá fọn fèrè. Ẹni tó bá wà nínú igbó, a ó dúró dè é."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn! Ẹni tó bá wà nínú igbó, àwọn á dúró dè é! Ta ló máa dúró de ẹnikẹ́ni lónìí?

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti sọ fún mi, ó ń fọ́n iná lọ́wọ́, ó ní, "Kó o tó wọ ọkọ̀, kọ́kọ́ wọ sùúrù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rìnrìn àjò láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò wọ bààlù rí kó tó kú. Ká ní ó wọ̀ ọ́ ni, ì bá ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé dáadáa, torí ẹni tó máa gbọ́ ohùn yìí lọ́jọ́ iwájú lè má mọ̀ wá. Mùíná yìí, Mùínátù, ọmọ ọmọ mi ni. Ràṣídì ọmọ mi ló bí i. Ràṣídì ti kú. Kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sí àlùjánnà. Nígbà tó wà lórí àìsàn, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún yìí, ẹ wò ó. Ó ní, "Bàbá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ, ẹ bá mi gbé ọwọ́ yìí lé e lórí." Mo ní, "Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé tìẹ lé e." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣáà gbé e lé e, Bàbá."

Nílé tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé e lórí. Bàbá mi ṣe é fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo! Tó bá gbé e lé ọ lórí, ọrùn rẹ á wọnú èjìká lọ, ó máa tó ìgbà tó o bí àkọ́bí kó tó jáde padà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ilé ọkọ lé padà wálé. Ẹyọ kan báyìí.

Kí ló wá pa èmi àti bààlù pọ̀?

Mùíná ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àbújá. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, "Bàbá, mo ti rí ọkọ o." Mo ní alihamdulilahi, ọmọ ibo ni? Mo ti ń múra ọkàn mi sílẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ Núpé, ó lè jẹ́ Ìgbò, ó tiẹ̀ lè jẹ́ òyìnbó, màá fara dà á. Ó ní, "Ọmọ Ìfọ́n ni, Bàbá."

Ìfọ́n! Ìfọ́n yìí! Ìfọ́n tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń dín ata níbẹ̀, èmi tí mo wà níbí ni màá sín! Ọmọ yìí kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ó kọjá Ìlọrin, ó kọjá Lọ́kọ́jà, ó wọ Àbújá lọ, ó lọ wá ọkọ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo ní, "Mùíná, ká ní o bi mí léèrè ni, ǹ bá ti fi ọ̀pá mi nà án sí ọ."

Mo ní ó dáa, ẹ wálé ká so yìgì. Rárá. Bàbá ọkọ ń ṣàìsàn, Àbújá ló ń gbé, kò lè rin ọ̀nà jíjìn. Àbújá ni wọ́n máa ti so ó. Bẹ́ẹ̀ èmi ni walíyì, èmi ni mo máa fi ẹnu ara mi fi ọmọ fọ́kọ, torí bàbá rẹ̀ ò sí. Ẹ bá mi ká a: ìyàwó, ọmọ Ìlobù, ọkọ, ọmọ Ìfọ́n, ìrìn tí ewúrẹ́ ń rìn lọ jẹko tó ń padà wálé. Wọ́n ní kí n fò lọ sí Àbújá!

Mo ní kí n wọ mọ́tò. Wàsíù ní, "Bàbá, rárá, ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé wà níbẹ̀." Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Bí mo ṣe ń jẹun yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á fi mọ́tò tiwọn gbé mi wálé." Ó kọ̀. Wàsíù yìí, ẹ̀gbọ́n yín, tó bá ti di ojú mọ́ nǹkan, àfi bí ìyá rẹ̀. Ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlù.

Ẹ má bi mí ní iye tó rà á. Rédíò ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Epo bààlù ti wọ́n. Dọ́là ti wọ́n. Bààlù ò pọ̀ tó mọ́. Iléeṣẹ́ tuntun kan ti dé, ti àná ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ní òfin wà, pé bí bààlù bá pẹ́, kí wọ́n máa fún èrò lóúnjẹ. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́, nítorí òfin yẹn, mi ò jẹun kí n tó kúrò nílé. Mo ní ṣebí wọ́n á pẹ́ díẹ̀, a ó sì jẹ.

Ká tó jáde, mẹ́sééjì wọlé sórí fóònù Wàsíù. Bààlù àárọ̀ ti di ti ìyálẹ̀ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo ní, "Wàsíù, ta ló ń bẹ̀ mí?" Ó ní, "Iléeṣẹ́ náà ni, Bàbá." Iléeṣẹ́ lẹ́nu ni? Ọ̀gá teṣọ̀n Jẹ́bbà, mo rí ojú rẹ̀, mo rí òógùn rẹ̀. Bó bá wù mí kí n bú u, mo mọ ẹni tí màá bú. Ta ni kí n bú nínú fóònù?

A dé pápá bààlù Ìlọrin. Wọ́n gbé báàgì mi sórí òṣùwọ̀n, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń wọn kòkó. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, èékánná rẹ̀ gùn débi pé ó lè fi hú iṣu láìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹrù yín ti wúwo jù. Ẹ máa san owó kún un, tàbí kí ẹ yọ nǹkan kúrò." Kí ló wà níbẹ̀? Iṣu tọkọtaya ni, àti ẹ̀lùbọ́, àti aṣọ mi. Kí n yọ iṣu? Iṣu tí mo fi ọwọ́ ara mi wà? Mo yọ aṣọ. Mo wọ agbádá àkọ́kọ́, mo wọ ìkejì lé e, mo wọ ìkẹta lé e. Ìgbà tí mo fi máa ṣe tán, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́. Mo ní, "Ó yá, ọmọ mi, tún báàgì wọn." Ó ń wò mí. Mo ní, "Ṣé ẹ máa gbé èmi náà sórí òṣùwọ̀n ni?" Ó bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Bí mo ṣe máa yí padà báyìí, mo rí bàbá arúgbó kan níwájú mi, ó tóbi bí ìdì owú. Agbádá mẹ́rin! Ó fi ọ̀kan jù mí lọ! Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Làmídì ni! Làmídì Ìfọ́n, bàbá àgbà ọkọ ìyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlù kan náà fún un. Èmi àti Làmídì jọ ṣe ilé ìwé pámárì nígbà kan náà ni, kálukú nílùú tirẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ gólì fún Ìfọ́n, èmi ni mò ń gbá a wọlé fún Ìlobù. Bọ́ọ̀lù kan wà tí mo gbá kọjá rẹ̀ nígbà yẹn, títí dòní ló ṣì ń wá a.

Mi ò nawọ́ sí i. Mo dúró. Mo gbé agbádá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè léjìká. Mo ní, "Làmídì, ẹ̀yin lẹ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa. Dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ."

Ó ní, "Èmi? Mo fi òjò kan jù ọ́ lọ."

Mo ní, "Àna kì í ka òjò."

"Mo máa dọ̀bálẹ̀. Tá a bá dé Àbújá. Mi ò lè fi aṣọ òkè nulẹ̀ fún àwọn oníbààlù wọ̀nyí."

"Ó dáa. Mò ń dúró dè ọ́. Ṣebí o mọ̀ pé ẹbí ọkọ tí kò bá dọ̀bálẹ̀, òfìfo ọwọ́ ló máa gbé relé."

Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹbí ọkọ lọ́jọ́ lórí ju òkè lọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó kí ọmọ tó lọ. Kì í ṣe tọjọ́ orí.

A jókòó. Àga onírin, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ìyálẹ̀ta kọjá. Ọ̀sán wọlé. Dìléè ni wọ́n ń pè é. Nígbà tiwa, ìyà ni wọ́n ń pè é. Wàsíù lọ bèèrè, ó padà dé. "Bàbá, wọ́n ní bààlù náà ò tíì kúrò l'Ékòó." Kí ló ń ṣe l'Ékòó? "Wọ́n ní ó kọ́kọ́ gbé àwọn kan lọ sí Pọ́tá." Ẹ gbọ́ o! Bààlù kan ṣoṣo! Òun ni ti Èkó, òun ni ti Pọ́tá, òun ni ti Ìlọrin, òun ni ti Àbújá. Bí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, tó sì ṣèlérí fún gbogbo wọn pé ọ̀dọ̀ wọn lòun ń bọ̀ lálẹ́ yìí.

Ebi ń pa mí. Mo lọ bá ọmọ eléèékánná. Mo ní, "Ọmọ mi, rédíò ní kí ẹ fún wa lóúnjẹ." Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀." Àwọn wo? "Àwọn ọ̀gá ni." Níbo ni wọ́n wà? Ó na ọwọ́ sí òkè. Mo wo òkè, àjà ni mo rí. Ẹ ò rí i, òun náà ò mọ ohunkóhun. Ó ti ń gba èébú láti àárọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ síwájú, wọ́n sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó fún mi lómi. Ó ní omi ń bọ̀. Omi náà wà nínú bààlù, mo rò ó, l'Ékòó.

Ìgbà yẹn ni fóònù dún. Mùíná ni. "Bàbá, níbo lẹ dé?"

"Mo wà níbi tí mo wà."

Ó ní Alfa tó fẹ́ so yìgì ti fẹ́ máa lọ, wọ́n ń dúró dè é níbòmíràn. Ó ní àwọn tó ni gbọ̀ngàn ti ń to àga léra wọn. Ó wá ní bàbá ọkọ òun, aláìsàn yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́ lórí ìjókòó, wọ́n ní kí àwọn gbé e lọ sílé, ó kọ̀, ó ní àfi tí wọ́n bá so yìgì lójú òun. "Bàbá, mi ò mọ ohun tí a máa ṣe." Ohùn Ràṣídì ni nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá sọ owó ọjà nù.

Alfa gba fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni walíyì. Ọkọ ìyàwó sì ti ní kí bàbá àgbà òun gbà á fún òun. Ẹ̀yin méjèèjì wà lójú kan. Ẹ so ó níbẹ̀ yẹn, kí a máa gbọ́ ọ láti ibí."

Mo ní, "Níbo? Níbi tí wọ́n ti ń wọn iṣu?"

Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ Ọlọ́run náà ni."

Mo ní mi ò ṣe. Mo ní ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n fi Mùíná fọ́kọ bí ẹni ń ta káàdì fóònù? Mo ti ṣèlérí. Ọwọ́ mi ni Ràṣídì fẹ́. Mo gbé fóònù fún Wàsíù. Mo jókòó.

Làmídì ń wò mí. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, aláìsàn tí wọ́n ń sọ yẹn, ọmọ mi ni. Ó wà lórí ìjókòó láti àárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbéyàwó ọmọ mìíràn máa tún ṣojú rẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ti sin ọmọ rí.

Kí n tó la ẹnu, Làmídì ti dìde. Ó ká agbádá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú mi, àyà kan ilẹ̀, ojú kan ilẹ̀, nínú pápá bààlù, láàárín báàgì àwọn ènìyàn. Ó ní, "Àna mi, ẹ ṣàánú wa."

Yéè! Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e! Ẹnì kan ló kígbe: "Bàbá ti dákú o!" Ẹ wá wo eré! Àwọn tí a ò rí láti àárọ̀ ń tú jáde bí eṣinṣin. Ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn bọ̀. Ẹnì kan gbé ike omi. Ọ̀gá kan tó de táì, ọ̀gá tí wọ́n ní ó wà lókè àjà, ó ń sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan yọ. Làmídì ń ké nílẹ̀, "Mi ò dákú! Àna mi ni mò ń kí!" Wọn ò gbọ́. Omi tí a ti ń tọrọ láti àárọ̀, orí Làmídì ni wọ́n dà á sí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Mo fa àna mi dìde. Mo sọ fún ọ̀gá onítáì, mo ní, "Ó dáa tí ẹ yọjú. Dúró síbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ọ́."

Ẹ wá wo àwọn èrò. Bínú ti ń bí gbogbo wa tó yẹn, ńṣe ni wọ́n pagbo yí wa ká. Àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí méjì bọ́ síwájú, wọ́n ní àwọn á ṣe ẹlẹ́rìí. Pásítọ̀ kan, ọmọ Ọ̀fà, ó ga bí igi àgbọn, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun, òun ló gbé e sókè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà lọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: mo fi Mùínátù ọmọ Ràṣídì fún Táófíkì, ọmọ ọmọ Làmídì. Làmídì dáhùn, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀: "Mo gbà á fún Táófíkì." Alfa ṣe àdúà nínú fóònù. Àwọn kan ń ṣe àmín, Pásítọ̀ ń ṣe tirẹ̀, áámẹ̀n, kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn kan láti Àbújá, ohùn tó rẹ̀ gan-an: "Bàbá, mo gbọ́ o. Ó ṣojú mi." Ọmọ Làmídì ni. Làmídì yí ojú sí ògiri.

A ò tíì fọwọ́ bọjú tán tí ẹ̀rọ orí ògiri fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bààlù Àbújá ò lọ mọ́ lónìí. Wọ́n ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Mo ṣí báàgì. Mo pín iṣu fún àwọn ẹlẹ́rìí. Mo fún Pásítọ̀ ní èyí tó tóbi jù. Mo fún ọmọ eléèékánná náà ní ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi." Mo ní, "Ìwọ kọ́." Ọ̀gá onítáì ń retí tirẹ̀. Mo ní tìẹ ń bọ̀, ó wà l'Ékòó.

Bí a ṣe padà sílé nìyẹn. A já Làmídì sílẹ̀ ní Ìfọ́n, a wá sùn ní Ìlobù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mùíná pè. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ńkọ́, Bàbá?" Mo ní, "Ọmọ mi, ẹnu lè gba inú fóònù kọjá. Ọwọ́ ò lè gbà á." Ó ní tóò, òun ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ nígbà náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sùn láti ọjọ́ yẹn. Táófíkì ń dá dáná, ó ń dá fọṣọ, òun tó ti gbéyàwó. Lójoojúmọ́ ló ń pè mí: "Bàbá, ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yin náà ń sùn dáadáa?" Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Ó ti lé lóṣù kan báyìí kí wọ́n tó fún Mùíná láyè níbi iṣẹ́. Òní ni àwọn méjèèjì ń bọ̀. Ọwọ́ mi rèé, mo ti fọ̀ ọ́ láti àárọ̀, ó ti gbẹ, mo tún un fọ̀. Bààlù ò dé...

Kí ló dún yẹn? Ríṣíkà, gbé e. Ta ni? Làmídì? Gbé e fún mi.

Hẹn, Làmídì! Wọ́n ti dé? Ọ̀dọ̀ rẹ? Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ, ibí ni wọ́n ń bọ̀!... Mọ́tò tó gbé wọn láti Ìlọrin bàjẹ́ ní Ìfọ́n? Níwájú ilé rẹ gan-an? Làmídì, ìwọ lo bà á jẹ́!... Kí ni? Ó kọ̀, kò wọlé? Ó dúró sí ìta nínú oòrùn? Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, ó ní Mùíná dúró sábẹ́ igi lẹ́bàá títì, ó ní ilé ọkọ òun nìyẹn, òun ò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Ràṣídì! Fi ìjókòó fún un, Làmídì. Fún un lómi. Inú ife o, má dà á lé e lórí!

Ríṣíkà, o ní Wàsíù ti jáde lọ wá mọ́tò tó máa gbé wọn wá? Ìgbà wo ló máa dé? Ó ní kí n ṣe sùúrù, ó ti kù díẹ̀? Ó ti kù díẹ̀! Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Ìlọrin náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín kí n tó lọ. Bàbá mi ní kí n wọ sùúrù. Mo ti wọ̀ ọ́, ó ti gbó mọ́ mi lára, ìdodo mi ti yọ síta. Ayé tí ẹ̀ ń bá bọ̀ yìí, ó yára, ó yára, kò sì dé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gòkè, ẹ fò. Mi ò ní kí ẹ má fò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lábẹ́ igi ní Ìfọ́n, ẹsẹ̀ dé bẹ̀.

Ríṣíkà, pa nǹkan yẹn. Bá mi mú bàtà mi. Fún mi lọ́pàá. Ẹ máa tẹ̀ lé mi bó bá wù yín, ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹsẹ̀ mi rèé, ó ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún... ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa kọ mẹ́sééjì sí mi pé ó di ọ̀la.